Etí Kan Ṣoṣo fún Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹrin, 1976

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, Màdámù, ọ̀gá iléèwé wa, pe gbogbo àwa tíṣà tí kò ní sátífíkéètì jọ sí kíláàsì kẹfà. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ á ya wọlé bí omi òjò, ṣùgbọ́n òun kò ní fi wọ́n lé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ìwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lóṣù kẹfà, òun á di ààyè rẹ̀ mú dè é. "Ẹni tí kò bá yege, ká yáa dágbére fúnra wa láìbínú."

Àwa méje la wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ti ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò sẹ́ni tó wojú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Bọ́lánlé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń kọ́ kíláàsì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, bá mi rìn dé òpópónà Adéníji Adélé. Ó ní, "Sàfú, kò sí àyọkà tó o máa kà tí kò ní yé ọ. Ibi tí wọ́n ti ń kà á síni létí yẹn ló ń gbé ọ ṣubú." Apá ọ̀tún mi ló wà nígbà tó ń sọ ọ́. Yàtọ̀ sí Ìyá mi, òun nìkan ló mọ̀ pé etí òsì mi ti kú.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹrin

Etí ọ̀tún tún ń ṣomi láti àná. Ìyá mi yọ́ àdín àgbọn, ó kán an sí i, ó fi òwú dí i. Ó pẹ́ kó tó gbéra lọ síbi ẹní àti tẹ̀sùbáà tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí èéyi gba ti òsì lọ. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn máa ń fọwọ́ di etí náà mú jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ṣì lè já bọ́.

Kóńgò gàrí ti di ọgọ́rin kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹrin

Bọ́lánlé mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan nínú ìjọ wọn, Bàbá Adébáyọ̀, ará Iléṣà, tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ní Igbosere. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́ kan ní ìlú òkè kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Èkó. Tí ẹlẹ́jọ́ bá sọ Yorùbá, òun á sọ ọ́ lóyìnbó fún adájọ́; tí adájọ́ bá fọ òyìnbó, òun á dá a padà sí Yorùbá fún ẹlẹ́jọ́. Ní báyìí, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló ń bá àwọn èèyàn kọ.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òyìnbó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa kà sí mi létí."

"Ṣé o ò lè kà á fúnra rẹ ni?"

"Mo lè kà á, sà. Gbígbọ́ rẹ̀ ni..." N kò parí rẹ̀. N kò sọ ti etí. Bọ́lánlé wò mí, èmi náà wolẹ̀.

Ó ní òun kò ní gba nǹkan kan. Kí n máa wá lọ́jọọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n máa mú ìwé ìròyìn dání, kí n kà á fún òun, kí òun náà kà á fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù kẹrin

Bí Bàbá ṣe ń ṣe é rèé: òun á ka àyọkà lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá. "Kì í ṣe ohun tó o rò pé ó fẹ́ sọ o. Ohun tó sọ." Ó ka ìròyìn àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá, tí wọ́n tò lójú òkun tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Mo ní ìwé ìròyìn ní ọkọ̀ náà pọ̀ jù. Ó gbá tábìlì.

"Ta ló ní ó pọ̀ jù? Wọ́n ní ó pọ̀. Níbo lo ti rí 'jù'?"

Mo bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n má bẹ òun. "Ọ̀rọ̀ bíńtín báyìí, ó lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù kẹrin

Bọ́lánlé bá mi lọ. Bàbá bi àwa méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́wàá. Mo gba mẹ́sàn-án, Bọ́lánlé gba mẹ́fà. Bàbá ní, "Etí ọmọ yìí mú bí etí ológbò." Bọ́lánlé ranjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín láti Igbosere dé ilé. N kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rín láti ọdún tí bàbá mi ti kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù karùn-ún

Nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Aládùúgbò wa ṣí asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ fún ìròyìn òyìnbó. Mo jókòó tì í títí etí ọ̀tún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí náà. Mo gbọ́ orúkọ Èkó. Mo gbọ́ orúkọ ìjọba. Ìyókù dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Báwo ni mo ṣe wá ń gba mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ Bàbá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù karùn-ún

Bàbá ti mọ̀.

Ó ní kí n máa tún ọ̀rọ̀ pè tẹ̀lé òun, nítorí wọ́n máa ń béèrè irú rẹ̀ nínú ìdánwò. Ó pe "ship", ó pe "sheep", mo pè é bó ṣe yẹ. Ó pe "pat". Mo ní "bat". Ó pe "mat". Mo ní "pat". Ó tún wọn pè, mo tún ṣì wọ́n. Ó wá mú ìwé ìròyìn, ó fi bo ẹnu, ó ka ìlà méjì lẹ́yìn rẹ̀.

N kò gbọ́ nǹkan kan tó nítumọ̀.

Ó gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀. "Ẹnu mi lò ń wò."

"Sà?"

"Sàfúrátù, ẹnu mi lò ń kà bí ẹni ń kàwé. Pat, bat, mat, bákan náà ni ètè ń pàdé nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà wo ni o ò ti gbọ́ràn?"

Èmi fúnra mi kò mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú àwọn tó wá kọ lẹ́tà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ti òsì tó ti kú, ti ọ̀tún tó ń ṣomi. Kò kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa. Tíṣà tó máa kà á fún yín lọ́jọ́ ìdánwò náà á lẹ́nu. Jókòó síwájú."

Ọjọ́rú, 12 oṣù karùn-ún

Ìwé ìpè fún ìdánwò dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Apá kìíní, gbígbọ́. Apá kejì, àyọkà mẹ́ta. Lọ́dún yìí, wọn kò ní rán tíṣà kankan wá kà á. Tépù ni wọ́n máa gbé kalẹ̀, kí ohùn lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo èèyàn.

Tépù kò lẹ́nu.

Ọjọ́bọ, 20 oṣù karùn-ún

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú òní mọ́. Mò ń kọ ìṣirò sójú pátákó, mo kẹ́yìn sí àwọn ọmọ, òwú sì wà létí ọ̀tún mi. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ya lulẹ̀ lé Àlímọ̀t lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní ó ké. Wọ́n ní gbogbo kíláàsì ń pè mí. Ariwo tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ lọ, mo sì kọ ìlà méjì sí i. Àfìgbà tí Màdámù já wọlé tó gbá mi léjìká mú ni mo tó yíjú padà. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà Sàfúrátù, ṣé o ò sí níbí ni?"

Mo ní mò ń ronú ni.

Èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tètè gbé e wá. N kò lè jẹun láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù karùn-ún

Bàbá kẹ́yìn sí mi, ó ń kàwé sí ògiri. Wákàtí méjì. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Òjò rọ̀ títí, omi wọ ilé wa dé kókósẹ̀. Ẹní mẹ́fà nínú ẹní Ìyá mi ló bàjẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹfà

Mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹfà

Èmi àti Bọ́lánlé rìn dé Tinúbú lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní òun ti wo nọ́ńbà wa, ìjókòó wa tẹ̀ léra. Ó ní, "Etí mi gbọ́ tépù, ojú rẹ mọ àyọkà. Kí la wá ń jẹ ìyà sí? Tí tépù bá ń lọ, màá ti ìwé mi sápá ọ̀dọ̀ rẹ. Tó bá kan àyọkà, ìwọ náà á ti tìẹ sápá ọ̀dọ̀ mi."

"Tí wọ́n bá mú wa ńkọ́?"

"Tá a bá fìdí rẹmi ńkọ́?"

Ó mọ̀ pé àyọkà máa ń ká òun lápá kò. Ó máa ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìbẹ̀rù á sì mú un. Èmi náà mọ ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi. Níwájú àwọn báǹkì níbẹ̀, láàárín èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, ó na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹfà

Màá kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

A lé ní igba nínú gbọ̀ngán. Òjò ti ṣú. Wọ́n gbé tépù sórí tábìlì, wọ́n so ó mọ́ gbohùngbohùn méjì, obìnrin alábòójútó kan tó wọ awò ojú tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan jáde. Mo di orí mi mú sápá kan, etí ọ̀tún síwájú. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ àgbẹ̀. Mo gbọ́ afárá, tàbí nǹkan tó jọ afárá. N kò mọ ohun tí àgbẹ̀ fi afárá ṣe. Wọ́n tún un yí lẹ́ẹ̀kejì, àgbẹ̀ àti afárá nìkan náà ni mo tún gbọ́.

Bọ́lánlé ti ìwé rẹ̀. Kò wò mí. Ó tì í bí ẹni tó ń wá ààyè fún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mo sì rí gbogbo ìdáhùn náà kedere bí oòrùn. Mo kọ mẹ́jọ sílẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣi méjì kí tiwa má bàa dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pín àyọkà. Ó rọrùn fún mi débi pé ojú tì mí. Mo parí kí ìdajì àkókò tó lọ. Bọ́lánlé rọra fi bàtà kan ẹsẹ̀ mi. Obìnrin alábòójútó náà dúró gangan lẹ́yìn wa. Mo dúró kó kúrò. Bọ́lánlé tún fi bàtà kàn mí.

Obìnrin náà kúrò. Mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó lọ bá ọmọbìnrin kan níwájú tó ń béèrè bébà. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi wà lọ́hùn-ún. Bọ́lánlé dorí kodò, kò rí i. Ọwọ́ mi wà lórí ìwé mi. Ohun tí mo nílò kò ju kí n tì í ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ. Mo ronú nípa ìgbà kẹta tí mo fẹ́ fìdí rẹmi. Mo ronú pé tí wọ́n bá mú mi báyìí, mẹ́jọ tí mo ti rí gbà á bá a lọ.

N kò tì í.

Níta, òjò ń pa wá. Bọ́lánlé ní, "Obìnrin yẹn kò kúrò lẹ́yìn wa rárá, àbí?"

Mo ní, "Kò kúrò rárá."

Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ó fi ìborùn rẹ̀ bo àwa méjèèjì títí a fi dé ibùdókọ̀.

Ọjọ́rú, 23 oṣù kẹfà

Kò sí kẹrosíìnì ládùúgbò. Bọ́lánlé gbé tiẹ̀ wá fún wa láti ilé wọn, ìgò kan. Ìyá mi ń ṣàdúrà fún un. Mo jáde síta.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù keje

Wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Orúkọ mi wà níbẹ̀, èmi ni ẹni kẹrìndínlógún. A wá orúkọ Bọ́lánlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ó ní, "O kú oríire." Ó ní in dáadáa, ó tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí. Ó wá ní, "Mo pàdé ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa lọ́jọ́ yẹn. Ó ní obìnrin alábòójútó yẹn kúrò fún ìgbà pípẹ́. Mo ní irọ́ ni, pé Sàfú ò ní purọ́ fún mi."

Mò ń wo ẹnu rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Ó dúró kí n sọ nǹkan kan. Nígbà tí n kò sọ ọ́, ó yí padà, ó lọ.

Ìyá mi ti gbọ́ kí n tó délé. Ó ṣe sàárà, ó pín àkàrà fún gbogbo agboolé. Wọ́n ń kí mi láti yàrá dé yàrá.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù keje

Bọ́lánlé kò wá síbi iṣẹ́. Màdámù ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì dé: kí n wá fún àyẹ̀wò dókítà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ojú, àyà, etí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù keje

Mo lọ bá Bàbá ní Igbosere. Ó kí mi kú oríire. Mo sọ ti dókítà fún un. Mo ní mo gbọ́ pé ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n máa ń dúró sí tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, ó mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kó bá mi wá ẹni tó máa bá dókítà náà sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n jókòó.

"Ṣé o ò bi ara rẹ bí mo ṣe mọ̀ pé ẹnu mi lò ń wò? Èmi náà ti wo ẹnu rí. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. N kò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n gbé káfíńtà kan wá sílé ẹjọ́, arúgbó, kò léyín lẹ́nu, kò ní lọ́yà. Wọ́n ní ó lu ẹnìkan tí onítọ̀hún fi kú. Adájọ́ bi í, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dáhùn. Ohun tí mo gbọ́ ni 'Mo lù ú.' Mo sì sọ fún adájọ́ pé ó ní òun lù ú."

Ó mu omi.

"Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ìyàwó rẹ̀ di aṣọ mi mú. Ó ní, 'Bàbá ògbufọ̀, mi ò lù ú ló sọ. Mi ò. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.'"

"Ẹ ò wá padà lọ bá adájọ́ ni, sà?"

"Wọ́n á bi mí pé láti ìgbà wo ni etí mi ti ń lọ. Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fún un. Kò lò ju mẹ́ta lọ tó fi kú síbẹ̀."

Ó gbé ife omi náà kalẹ̀.

Ó ní, "Kí n ṣì í gbọ́, ìyẹn jẹ́ ti etí. Kí n dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe ti etí."

Kò ní kí n ṣe báyìí, kò ní kí n má ṣe báyìí. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun pa fèrèsé dé nítorí atẹ́gùn. Mo pa á dé, mo kí i, mo lọ sílé.

Ọjọ́bọ, 29 oṣù keje

Dókítà náà kò lè dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó wo ojú mi, ó wo àyà mi. Ó ní kí n jókòó, ó lọ sẹ́yìn mi. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ di etí òsì, ó pe nọ́ńbà mẹ́ta sí ọ̀tún. Mo gba méjì. Ó wá di ọ̀tún, ó bọ́ sí òsì.

Kò sí nǹkan kan. Dúdú ni. Ṣùgbọ́n bí dókítà ṣe ń pe nọ́ńbà lẹ́yìn mi, nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń fi ètè pè é láìmọ̀. Seventeen. Mo rí i kedere. Mo kàn ní láti sọ ọ́ jáde ni. Nọ́ńbà mẹ́ta péré, màá sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lóṣù kẹsàn-án.

Mo pa ojú mi dé.

Mo ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Etí yẹn kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún."

Ó bọ́ síwájú mi. "Báwo lo ṣe wá ṣe ìdánwò tépù?"

"Kì í ṣe èmi ni mo gbọ́ ọ."

Ó wò mí títí. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó kọ̀wé. Mo lè ka ìwé láti òdì. Mo ka ohun tó kọ láti ibi tí mo jókòó sí. Kò yẹ fún iṣẹ́ olùkọ́.

Lẹ́yìn náà, ó tan iná sí etí ọ̀tún mi, ó sì dáwọ́ dúró. "Ta ló ń tọ́jú eléyìí?" Mo ní Ìyá mi ni, àdín àgbọn. Ó ní, "Eléyìí náà ń lọ o. Kí ọdún yìí tó parí." Ó kọ ìwé kan sí ọsibítù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹjọ

Mo sọ fún Ìyá mi. Gbogbo agboolé ti jẹ àkàrà tán. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ní kí n máa wò ó ná, nígbà èéyi yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta, Sàfúrátù. Ní ọsibítù, wọ́n ní ká ní mo ti gbé ọ wá lọ́jọ́ kìíní ni." Ọdún méjìdínlógún rèé, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹjọ

Mo dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà fún Màdámù. Ó ní ká ní òun ti mọ̀ ni, òun ì bá ti gbé Àlímọ̀t àti àwọn yòókù kúrò lọ́wọ́ mi tipẹ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹjọ

Mo kọ̀wé sí Bọ́lánlé. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, kí n má bàa rí òyìnbó fi bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Mo ní obìnrin náà kúrò. Mo ní mo rí i. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ọwọ́ mi sì wà lórí ìwé. N kò ní kó dárí jì mí. Mo fi ránṣẹ́ kí n tó lè yí ọkàn padà.

Ọjọ́bọ, 19 oṣù kẹjọ

Ọsibítù, láti aago méje àárọ̀. Dókítà etí ní egungun ẹ̀yìn etí ọ̀tún ti ń jẹrà. Wọ́n á là á. Tó bá lọ dáadáa, ohun tó kù níbẹ̀ á dúró. Tí kò bá lọ dáadáa, gbogbo rẹ̀ á lọ. Tí wọn kò bá là á, gbogbo rẹ̀ á lọ náà. Mo ní kí wọ́n là á.

Kò sí èsì láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹjọ

Àwẹ̀ ti wọlé. Òní ló pé mẹ́rin. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa la etí mi. Ìyá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi nínú wọ́ọ̀dù. Mo ní kó máa sọ̀rọ̀.

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun, Ìyá mi. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀."

Ó ronú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹní tó dáa: kí èèyàn fọwọ́ ra etí rẹ̀, kó yí i padà wo ẹ̀yìn, kó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa ró. Ó sọ ti oníbàárà kan tó ra ẹní méjì fún ìyàwó méjì, tó wá dá ọ̀kan padà. Ó rẹ́rìn-ín sí i. N kò wo ẹnu rẹ̀. Mo dijú, mo gbọ́ ìwọ̀n tí mo lè gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹsàn-án

Báńdéèjì yí orí mi ká. Ìrora. Láti ojú fèrèsé, mo rí àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n tò lọ sí iléèwé, ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn kan kò tíì ní bàtà. Wọ́n ń lanu, wọ́n ń pa àtẹ́wọ́. Orin ni wọ́n ń kọ. Tíṣà wọn ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wọn.

Ọjọ́bọ, 9 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n tú báńdéèjì ní aago mẹ́wàá. Dókítà ní kí n má retí púpọ̀ lónìí, pé ó ṣì wú. Ìyá mi ti lọ ki ìrun. Mo jókòó lórí ibùsùn, mo kọjú sí fèrèsé. Ohun gbogbo jìnnà sí mi.

"Sàfú."

Kò pariwo. Ẹ̀yìn mi ló ti wá. Mo yíjú padà.

Bọ́lánlé ló dúró síbẹ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù. Ó ní ìwé mi dé ọwọ́ òun, òun kà á, òun ya á, òun tún tò ó pọ̀ kà. Ó ní ilé wa ni wọ́n ti sọ fún òun pé mo wà níbí.

Ó ní, "Mo bínú sí ọ, Sàfú. Mo ṣì ń bínú sí ọ. Kì í ṣe nítorí ìdánwò. Mo fi ìborùn bò ọ́ nínú òjò, o sì jẹ́ kí n fi bò ọ́." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀. "Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ."

Kò ní òun dárí jì mí. Ó fa àga, ó jókòó.